Ṣé Ká Já A Lẹ́ẹ̀kan Ni, Àbí Ká Máa Dín In Kù? Bí A Ṣe Ń Yí Oúnjẹ Padà Nílé Tí Wọ́n Ti Ń Gúnyán

Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, tàbí tí aṣọ èṣí ò bá wọ̀ ọ́ mọ́, ìmọ̀ràn méjì ló máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: kò sí iyán mọ́, kò sí ṣúgà, kò sí iyọ̀, ó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Àwọn mìíràn á ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kó rọra. Ní Èkìtì níbí, níbi tí ẹni tó jẹ ìrẹsì yó lọ́sàn-án ti lè búra pé òun ò tíì jẹun, ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ kì í pẹ́ padà sídìí odó. Ẹni tó gba ìkejì náà ní ìṣòro tirẹ̀: yóò máa rọra, yóò máa rọra, títí ọdún á fi yípo tí nǹkan kan ò yí padà.

Lójú tèmi, ọ̀nà kan ṣoṣo ò lè bá gbogbo oúnjẹ mu. Ohun kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ ká já a, tó jẹ́ pé dídín in kù á kàn máa dá wa lágara ni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bá a bá já a lójijì, ahọ́n wa, ikùn wa, tàbí àwọn tá a jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà á bá wa jà. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni láti mọ èyí tó jẹ́ èwo.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Bẹ́ ẹ bá ń lo oògùn, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín, yálà ní ilé ìwòsàn àdúgbò tàbí ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdó-Èkìtì tàbí ti Adó. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide àti glimepiride, tó wá gé òkèlè rẹ̀ sí ìdajì lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé wọ́n tún oògùn rẹ̀ wò, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òógùn á bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, òòyì á máa kọ́ ọ, ó sì lè dákú.

Lóòótọ́, jíjá lẹ́ẹ̀kan ti ṣe àwọn alátọ̀gbẹ kan lóore. Nínú ìwádìí DiRECT tí wọ́n ṣe ní Scotland àti àríwá England, tí èsì ọdún kìíní rẹ̀ jáde ní 2017, oúnjẹ olómi tí kò ju nǹkan bí 850 kálórì (ìwọ̀n okun inú oúnjẹ) lọ lójúmọ́ ni àwọn èèyàn fi rọ́pò gbogbo oúnjẹ wọn fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Nígbà tí ọdún kan pé, 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àtọ̀gbẹ wọn ti rọlẹ̀ láìlo oògùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwọn oníṣègùn ti dá oògùn àtọ̀gbẹ àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dúró, wọ́n ń ṣọ́ wọn, kò sì sí ẹni tó ń gún insulin láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dán irú ẹ̀ wò nínú yàrá rẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ewu ló ń fà lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì, kó má ṣàdédé sọ ẹ̀fọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, torí fítámì K inú ewé ń dín agbára oògùn náà kù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣe dáadáa gbọ́dọ̀ béèrè kó tó fi ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún oúnjẹ, tàbí kó tó ra iyọ̀ olówó gọbọi tí wọ́n ní ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Èròjà potassium inú wọn lè pọ̀ jù fún un. Ẹni tó ń mu ògógóró lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ bí kò bá tíì mu, kó má dá a dúró lójijì nílé. Gìrì lè gbé e.

Ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú bébà àti bírò

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ kàn máa kọ gbogbo ohun tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun yín kọjá, àti aago tẹ́ ẹ jẹ ẹ́: ẹ̀kọ àti àkàrà àárọ̀, ẹ̀pà tẹ́ ẹ jẹ nínú mọ́tò láti Ìkéré sí Adó, mọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ṣe yín lálejò, ẹran tẹ́ ẹ tọ́ wò lójú iná. Ìtọ́wò yìí ló máa ń ya àwọn tó ń dáná lẹ́nu jù, torí àwọn míì ti yó kí wọ́n tó bu oúnjẹ sílẹ̀.

Ẹ kọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe sókè bébà náà. Àgbẹ̀ tó ti ń kọ ebè láti àárọ̀ ní Ìkọ̀lé, oúnjẹ tó yẹ ẹ́ kò lè jẹ́ ti akọ̀wé tó jókòó sí sẹkitéríàtì ní Adó. Ọ̀pọ̀ wa la ti kúrò lóko tipẹ́, àmọ́ tá a ṣì ń jẹun olóko.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà bá pé, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì lórí ohun kọ̀ọ̀kan. Ṣé èmi nìkan ni mò ń rà á tí mò ń jẹ ẹ́, àbí inú ìkòkò gbogbo ilé ló wà? Ṣé ahọ́n tàbí ikùn mi máa ní láti kọ́ bí yóò ṣe wà láìsí i, àbí omi tútù tàbí ọsàn kan lè gba ipò rẹ̀ lónìí? Ohun tó bá jẹ́ tiyín nìkan, tó sì ní arọ́pò, ẹ kọ "já" síwájú rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìkòkò, tàbí tí ahọ́n ti mọ̀ láti kékeré, ẹ kọ "dín".

Àwọn tí ẹ máa já

Mínírà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú mọ́ọ̀tì àti júùsì onípáálí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí wọ́n ń fi kún nǹkan, àti èyí tó wà nínú júùsì, má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá okun tí à ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́. Fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì, ìyẹn jẹ́ 50 g. Ẹ yí ìgò náà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé 10 g ṣúgà wà nínú 100 ml, ìgò 50 cl (500 ml) kan ṣoṣo ti gbé 50 g wọlé, ẹ ò sì tíì jẹun o.

Ìdí tí mi ò fi fara mọ́ dídín mínírà kù ni pé kò sẹ́ni tó ń mu ìdajì ìgò kó wá dé e padà. Ẹni tó bá ní òun á máa mu ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa bá ara rẹ̀ ṣẹjọ́ bóyá òní wà lára ẹ̀ẹ̀mejì náà. Ẹ já a, kí ẹjọ́ parí.

Ẹ padà sídìí bébà yín, kẹ́ ẹ wo aago. Tó bá jẹ́ aago méjì ọ̀sán lẹ sábà máa ń mu ún, kí omi tútù ti wà lọ́wọ́ yín kí aago méjì tó lù. Ẹ má gbé e sí fíríìjì "nítorí àlejò". Àlejò tó bá fẹ́ ẹ, ẹ rán ọmọ lọ rà á fún un nígbà tó bá dé. Pọ́fù-pọ́fù ojú títì àti Indomie aago mọ́kànlá alẹ́ náà wà ní ìlà yìí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà lè gba ipò tàkọ́kọ́, oorun ló yẹ kó gba ipò ìkejì.

Obì nìkan ni mo yọ sọ́tọ̀. Kaféènì, èròjà tó ń lé oorun, wà nínú gbànja àti àbàtà bó ṣe wà nínú kọfí, ẹni tó bá sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ tó wá ṣíwọ́ lójijì, orí fífọ́ lè bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ kan tó pé, kó sì bá a fà á fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ máa yọ awẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Àwọn kan á ní ẹni tó bá tètè fọn, kíákíá ló máa tún sanra padà. Wọ́n ti dán an wò. Ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, wọ́n pín àwọn 204 tó sanra sí ọ̀nà méjì: àwọn kan fi ọ̀sẹ̀ 12 fọn kíákíá, àwọn yòókù fi ọ̀sẹ̀ 36 rọra fọn. Nínú èsì tó jáde ní 2014, 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníkíákíá ló dé ibi tí wọ́n fojú sùn, 50 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ ló débẹ̀. Wọ́n wá tẹ̀lé àwọn tó débẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí i. Ìhà méjèèjì ló ti gba bí 71 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tí wọ́n sọ nù padà. Ìyára kọ́ ló ba nǹkan jẹ́. Ohun tí èèyàn ń jẹ lẹ́yìn tó ti fọn tán ló ń pinnu, ẹ sì lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gba ààwẹ̀ oṣù kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ikùn rẹ̀ ṣe rí nígbà tí oṣù kejì parí.

Iyọ̀ inú ìkòkò

Iyọ̀ ò ṣeé já. Ẹ gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ síwájú bàbá ilé, á ti àwo sẹ́yìn. Àwọn ọmọ á bu iyọ̀ lé tiwọn fúnra wọn, ẹ ò sì ní mọ iye tí wọ́n jẹ mọ́. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ ni kí àgbàlagbà má jẹ tó 5 g iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan tí kò ga, àti èyí tó wà nínú búrẹ́dì, àti èyí tó wà nínú Maggi, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ilé tó bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣọ̀wọ́n.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ahọ́n ò fẹ́ ìyípadà òjijì. Láti nǹkan bí 2003, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti oúnjẹ inú páálí sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa yọ iyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2011, iyọ̀ inú búrẹ́dì wọn ti fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ lójúmọ́ sì ti kúrò ní 9.5 g bọ́ sí 8.1 g. Búrẹ́dì ò sì ṣíwọ́ títà.

Ohun tí wọ́n ṣe yẹn ṣeé ṣe lójú iná yín. Ẹ ra ṣíbí tíì kan tí yóò máa gbé inú ike iyọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ se ọbẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń sè é, àmọ́ nígbà tó bá kan iyọ̀, ẹ fi ọwọ́ bù ú bó ṣe mọ́ yín lára, kẹ́ ẹ dà á sínú ṣíbí náà kó tó wọ ìkòkò. Ẹni tó ń sọ pé "mo kàn fi díẹ̀ sí i ni" á rí i tí díẹ̀ náà kún ṣíbí méjì tó ga bí òkìtì. Ẹ kọ iye rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, iye ṣíbí kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka nu orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyẹn nìkan ti yọ púpọ̀. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá tún kọjá, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí. Ọ̀sẹ̀ méjì míì, bákan náà. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kùn, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ dé fún oṣù kan. Ẹ má padà sẹ́yìn.

Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé iyọ̀ dín, ahọ́n rẹ̀ á máa wá a kiri.

Iyọ̀ ni Maggi náà. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ṣáájú gbogbo ohun tó kù. Ẹni tó dín ṣíbí iyọ̀ kù tó wá fi hóró Maggi kan kún un, owó ló mú láti àpò òsì sí àpò ọ̀tún. Ẹ máa yọ hóró kan lóṣù. Irú, ata tútù, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti edé gbígbẹ ló máa bá yín bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tọ́ irú wò lójà kẹ́ ẹ tó rà á, torí àwọn kan máa ń fi iyọ̀ sí i kó má baà bàjẹ́.

Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ọbẹ̀ tẹ́ ẹ ń pè ní aládùn tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀ jù lẹ́nu yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣúgà inú tíì àti ògì mímu: hóró márùn-ún di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́ta. Ṣúgà kan náà ni ti inú ìgò àti ti inú ife. Èyí tó wà nínú ìgò là ń já, èyí tó wà nínú ife là ń dín.

Iyán

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Ẹni tó bá búra ní Èkìtì pé òun ò ní jẹ iyán mọ́, iṣu tuntun àkọ́kọ́ ló máa tú ìbúra náà. Kò tiẹ̀ pọn dandan. 100 g iṣu sísè kò ju nǹkan bí 116 kálórì lọ. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó ti iyán 600 g ti jẹ nǹkan bí 700 kálórì kó tó kan ẹ̀gúsí, epo àti ẹran.

Àsìkò tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà ọ̀wọ́n iṣu, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, nígbà tí iṣu èṣí ti ń tán tí tuntun ò tíì jáde. Owó tìkára rẹ̀ ti bá yín dín in kù, ẹ kàn ń gbè é lẹ́yìn ni. Ẹni tó dúró di oṣù kẹjọ, tí iṣu tuntun kún Ọjà Ọba bámúbámú, fọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tó le jù.

Ìdí ọ̀bẹ ni wọ́n ti ń dín iyán kù. Èyí tó bá ti wọ inú odó, ẹnì kan á jẹ ẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin. Bó bá jẹ́ ègé mẹ́jọ lẹ ń sè fún èèyàn mẹ́rin, ẹ se méje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí mẹ́fà. Ẹ má bẹ èyí tó kù lára iṣu náà. Ẹ fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, á di ti ọ̀la. Mo dúró lé mẹ́fà yẹn fún ìdílé tí kò ṣiṣẹ́ oko; alágbára tó ń lo ọkọ́, kó jẹ tirẹ̀.

Ègé iṣu kan tó bá lọ, kí ìdì ẹ̀fọ́ kan dé: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, wọ̀rọ̀wọ́, ẹbòlò, èyíkéyìí tó bá pọ̀ lójà. Bẹ́ ẹ bá yọ iyán láìfi nǹkan dí àyè rẹ̀, ebi á jí yín láàjìn, ẹ ó sì bá ara yín nídìí gààrí. Ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ fi kún un o, kì í ṣe epo.

Ìyá tó bí yín ló máa ṣòro jù. Ẹ dé Ìjerò tàbí Ọ̀mùò lọ́jọ́ Sátidé, ó ti gúnyán kalẹ̀, ẹ wá ní kí ó bù ú kéré.

"Kí ló dé? Ṣé ara rẹ ò yá ni, àbí ìyàwó rẹ ni kì í fún ọ lóúnjẹ?"

"Rárá o, màámi. Ọbẹ̀ yín ló wù mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu iyán díẹ̀ fún mi, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀fọ́ kún un dáadáa."

Ẹni tó bá yin ọbẹ̀ kò ní jà. Ẹni tó bá mẹ́nu kan dókítà á gbọ́ ìwàásù.

Ẹ̀wà àti òtílì

Àwọn wọ̀nyí là ń fi kún, díẹ̀díẹ̀ náà sì ni. Ikùn tí kò mọ̀ wọ́n lára tó ṣàdédé gba àwo ẹ̀wà lójoojúmọ́ á wú, á sì máa kùn ní gbangba. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ sì máa mu omi dáadáa.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Ẹ já mínírà lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá parí kíkọ sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iyọ̀ lọ́sẹ̀ kẹta. Ẹ má fọwọ́ kan iyán títí ọ̀rọ̀ iyọ̀ á fi di ohun tẹ́ ẹ ń ṣe láìronú. Ìyẹn lè pẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní University College London, tó jáde ní 2010, èèyàn 96 mú àṣà tuntun kan kọ̀ọ̀kan lórí oúnjẹ, ohun mímu tàbí eré ìdárayá. Ọjọ́ 66 ló gba ẹni tó wà láàárín wọn kó tó mọ́ ọn lára. Ti ẹni tó yá jù jẹ́ 18, ìṣirò sì fi hàn pé ti ẹni tó pẹ́ jù lè dé 254. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ kò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ rántí ìyẹn tó bá di òde Sátidé. Ẹ jẹ ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín díẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó jáde, kí ebi má bá yín débẹ̀. Ẹ gba omi kí wọ́n tó gbé mínírà dé tábìlì. Bó bá jẹ́ iyán ni wọ́n ń pín, ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ má sì fi ebi pa ara yín lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n bá sì dì fún yín nínú ike, ẹ gbé e fún ẹni tó wà yín délé.